Áńgẹ́lì Tí Ewúrẹ́ Kàn Lẹ́rẹ̀kẹ́

Róòmù
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, ọdún 1694

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé ewúrẹ́ funfun ti bímọ? Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, èyí tó máa ń dùn yín nígbà yìnyín? Ẹ bá mi kí Fadá Celso tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ ní kí wọ́n má yára kà á, torí èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Màmá, mo ti di ìyàwó. Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí. Tí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ rò pé ilé ìdáná àwọn Sista ni mo ṣì wà, pé wọ́n máa tó pè mí kí n wá fọ ìkòkò, lẹ́yìn náà ni màá rí Prospero tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó lanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ, ẹ̀rín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èmi nìkan. N kò mọ̀ pé èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín kó tó bọ́jú.

Ẹ ì bá rí Prospero lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwọn ẹni mímọ́ àti áńgẹ́lì sára bàbà, àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà, irú èyí tí Bàbá mi gbé kiri ká gbogbo ayé kí wọ́n tó kú, tí ẹ̀yin sì ń ká sínú àpótí wọn láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé ọkọ. Iṣẹ́ náà máa ń ba ọwọ́ jẹ́. Nígbà tó fẹ́ fi òrùka sí mi lọ́wọ́, Fadá wo ìka rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o kò wẹ ọwọ́ wá sílé Ọlọ́run ni?" Ó ní, "Fadá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wẹ̀ ẹ́. Èyí tó kù yìí ti di ara mi." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Màmá, mélòó ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì náà? Ọ̀gá rẹ̀, àwọn Sista méjì, àti obìnrin kan tó wá gbàdúrà tiẹ̀ tó kàn dúró wò wá. Ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ará ilé mi ì bá jókòó sí, àga lásán ló wà níbẹ̀.

Nísinsin yìí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Òun á yọ́ ìda sójú bàbà, èmi á di àbẹ́là mú sábẹ́ rẹ̀ kí èéfín sọ ọ́ di dúdú. Á wá fi abẹ́rẹ́ ya ẹni mímọ́ sínú ìda náà, á da omi kíkan lé e lórí, ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá ni omi náà á ti jẹ bàbà. Òórùn rẹ̀ máa ń mú mi sín. Prospero ní àwọn ẹni mímọ́ kò tíì rí ẹni tó ń sín sí wọn lójú báyìí rí.

Ó ya nǹkan kan fún mi lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó. N kò ní sọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí ẹ bá dé ni ẹ ó rí i, ẹ ó sì sunkún ayọ̀.

Torí mo fẹ́ kí ẹ wá, Màmá. Yàrá méjì la ní lókè ilé ìtẹ̀wé, ọ̀kan ní fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí ẹ wá máa bá wa gbé. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, bí Bortolo ẹ̀gbọ́n mi bá padà dé, ta ni yóò wà nílé fún un? Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Inú mi dùn débi pé ó ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó.

Ọmọ yín,
Orsola


Pradello
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà

Orsolina ọmọ mi,

Fadá Celso ló ń kọ ọ́, èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo ti ní kí wọ́n má fi ìwàásù kún un.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Ẹsẹ̀ mi wà níbi tó wà.

O ṣe ìgbéyàwó, n kò sí níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lóbìnrin, àlejò tó wá gbàdúrà tiẹ̀ ló bá mi wò ó. Má fi èyí ṣe àwàdà nínú lẹ́tà mọ́. Fadá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kà á, n kò rẹ́rìn-ín.

O ní kí n wá sí Róòmù. Orsolina, ṣé Róòmù ti jẹ́ kí o gbàgbé ilé ni? Oṣù Kẹfà nìyí. Àwọn ọkùnrin tó ń kiri bébà ti ń padà bọ̀ láti ọ̀nà, kí wọ́n lè dé kó tó di àjọ̀dún Jòhánù mímọ́. Ilà ara gbogbo òpó ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń dí. Lánàá, ọkùnrin méjì dé, wọ́n fi ìda dí ilà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sára òpó nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyàwó wọn ń hó. Ilà tí ẹ̀gbọ́n rẹ gé ṣì wà ní gbangba. Mo máa ń fi ìka mi sínú rẹ̀ tí mo bá ń wọlé. Ilé tí ọkùnrin rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ṣé obìnrin inú rẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn lọ síbi tí oòrùn ń gbà wọlé ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ tó ń lọ, ìwọ náà gbọ́ ọ. Mo ní bó bá lè lọ láì tún òrùlé tó ń jò lórí ìyá rẹ̀ ṣe, kó má padà wá sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Òrùlé náà ti dára, Orsolina. Ọdún karùn-ún nìyí tí mo ti tún un ṣe. Kò jò mọ́ rárá. Ẹni tó yẹ kó rí i ni kò tíì rí i.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Ẹni tó bá nù, kò sí ọjọ́ tí èèyàn lè sọ pé òní ni òun máa jókòó sunkún rẹ̀.

Fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ méjì ránṣẹ́ sí mi. Abẹ́rẹ́ tó ń ránṣọ ni mo wí, kì í ṣe èyí tí ọkọ rẹ fi ń ha àwọn ẹni mímọ́ lára.

Ìyá rẹ


Róòmù
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrójú o. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yìí, mo fi wọ́n gún aṣọ kékeré kan. Ẹ wo aṣọ náà dáadáa. Ẹ wo bó ti kéré tó. Mo ti lóyún, Màmá.

Nígbà tí mo sọ fún Prospero, ìkòkò omi kíkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá dà á sórí bàtà ara rẹ̀. Bàtà náà ń hó, òun náà ń fò lẹ́sẹ̀ kan, ó ń pè mí ní ayaba. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ síta, ó ní, "Kí ló dé, ṣé ilé ń jó ni?" Prospero ní, "Ọ̀gá, mo ti di bàbá." Ọ̀gá ní, "Bàtà wo ni bàbá náà máa wá wọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi jókòó sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ní àdúgbò yìí ni mo fẹ́ dá dúró kí n sọ fún un.

Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn obìnrin tí wọ́n wà nínú ilé yìí máa ń yára sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ohùn ará orí òkè tó wà lẹ́nu mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nǹkan pọ̀ tí mo fẹ́ bi obìnrin tó ti bímọ rí. Ṣé ó yẹ kí ẹ̀yìn máa dùn mí báyìí? Ṣé ẹ̀yin náà kórìíra òórùn àlùbọ́sà nígbà tí ẹ lóyún mi? Prospero ń ya Ánnà mímọ́, ìyá Màríà, sára bàbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, màá jókòó ti obìnrin orí bàbà náà, màá sì bi í. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fèsì.

Oṣù Kejì ni màá bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí yìnyín tó dí ọ̀nà òkè.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹ sì ń dúró dè é lójoojúmọ́. Èmi wà níbi tí ẹ mọ̀. Orúkọ òpópónà wa wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ta ló ń dúró dè mí?

Orsola yín


Pradello
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ

Orsola,

Kò sí ìkíni lónìí. Fadá ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí sí aboyún. Ó dáa, mo kí ọ.

Zanetto, ọmọ aládùúgbò wa, dé ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán lọ́nà, òun ni kò jẹ́ kó tètè dé. Róòmù ló ti ń bọ̀, ó ra ẹrù níbẹ̀. Ó ṣí àpótí rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwa obìnrin yí i ká. Ó ń tú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lùsíà mímọ́ tó gbé ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sínú àwo. Rókù mímọ́ àti ajá rẹ̀. Ló bá tú Ráfáẹ́lì áńgẹ́lì jáde, tó ń sin Tòbíà kékeré rìnrìn àjò, tí ẹja wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Bortolo ni.

Zanetto ní, "Ìyá Bortolo, áńgẹ́lì ni. Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Zanetto, áńgẹ́lì wo ni ewúrẹ́ kàn lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Àpá náà wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ibi tí ìwo ewúrẹ́ bàbá yín gbà nígbà tí Bortolo wà lọ́mọ ọdún méje. Etí rẹ̀ tó ká lókè bí ewé wà níbẹ̀. Zanetto ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ti áńgẹ́lì, ti Bortolo wà lápá ọ̀tún. Mo bi í pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ń kiri bébà, ṣé kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá yà sára bàbà, òdìkejì ló máa ń jáde? Ọmọdé Pradello mọ̀ bẹ́ẹ̀. Odidi wàràkàṣì kan ni mo fi gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

O ní ọkọ rẹ ya nǹkan kan tí màá rí nígbà tí mo bá dé. O ní màá sunkún ayọ̀. O ti yé mi báyìí. Bortolo wà lọ́dọ̀ yín. Ó jókòó síwájú ọkọ rẹ, ìyẹn yà á. Òun ló ní kí o má sọ fún mi, àbí? Torí ọ̀rọ̀ òrùlé. Ìwọ náà sì gbà, o jẹ́ kí n máa fi ìka sínú ilà ara òpó.

Mo ń bọ̀. Zanetto àti àwọn yòókù ń lọ lọ́jọ́ àjọ̀dún Míkáẹ́lì áńgẹ́lì, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, màá tẹ̀ lé wọn. Mo ti fún aládùúgbò ní àwọn ewúrẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Má sọ fún un pé mo ń bọ̀, kó má baà tún gbé àpótí. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ lọ, sọ fún un pé n kò bínú. Sọ fún un pé òrùlé ti dára.

Ìyá yín méjèèjì


Róòmù
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹlẹ́ṣin tó ń gbé lẹ́tà àwọn ìjòyè ni mo fi èyí rán, kó lè bá yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ jókòó kí Fadá tó kà á. Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Lẹ́tà yín dé ní àárọ̀ àná. Mo kà á, mo fi bo ojú mi, mo sunkún, nígbà tó yá ni mo sọ fún Prospero. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wá ná. Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n rí ikùn rẹ, tí wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á dárí jì wá." Màmá, odidi ọjọ́ kan ni mo fi rò ó. Mo rí yín nínú yàrá tó ní fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ ń bá mi jà lórí àlùbọ́sà. Bí n kò bá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, ẹ ó dé. Ṣùgbọ́n mo tún rí yín tí ẹ ń gun àtẹ̀gùn wa, tí ẹ ń wo ẹ̀yìn mi láti rí ẹni tó dúró síbẹ̀.

Bortolo kò sí níbí. Kò wá síbí rí. Láti ọjọ́ tó ti gbé àpótí kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, n kò rí i, n kò gbúròó rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, Prospero bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ará ilé mi kan dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀gbọ́n mi fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní, "Báwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe rí?" Àwo bàbà kan ti wà níwájú rẹ̀ tí ìda rẹ̀ ti dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo sọ ti etí, mo sọ ti àpá, mo sọ bó ṣe máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Ibi tí n kò bá ti lè ṣàlàyé, á ní kí n yíjú sí òun, á ya tèmi. Àgbọ̀n tó wà lára áńgẹ́lì náà, èmi ni mo ni ín.

Ti ọ̀gá rẹ̀ ni bàbà yẹn. Kò sí ẹni tó máa ń fi bàbà ọ̀gá ya ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wọ́n á lé e jáde. Nítorí náà ló ṣe fi ìyẹ́ sí i, tó fi ọmọdé àti ẹja sí i, pé bí ọ̀gá bá rí i, Ráfáẹ́lì ni. Bébà kan ṣoṣo ló tẹ̀, mo ká a sínú àyà aṣọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn. Mo rò pé inú yín á dùn.

Ọ̀gá wá rí bàbà náà lórí pẹpẹ. Ó ní, "Áńgẹ́lì yìí dà bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Àwọn tó ń rìnrìn àjò á rà á." Kò béèrè nǹkan kan, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sì sẹ́ni nínú wa tó lè sọ fún un pé kò gbọdọ̀ tà á.

Mo mọ̀ pé ìlọ Bortolo ti pa yín lẹ́ẹ̀kan, èmi náà sì ti pa yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má wá nítorí rẹ̀, Màmá. Bí ẹ bá máa wá, ẹ wá nítorí mi.

Orsola


Pradello
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá

Orsola ọmọ mi,

Èmi Celso, tí mo da omi mímọ́ sí ọ lórí tí o sì ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ni mo ń kọ ìwé yìí fúnra mi. Ìyá rẹ kò rán mi.

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí àwọn ọkùnrin gbéra. Ìyá rẹ ti di ẹrù, ó ti wọ bàtà ọ̀nà jíjìn. Mo ní kó jókòó, ó ní kí n kà á bí òun ṣe dúró. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní kí n padà sí ibi tí o ti ní, "Bortolo kò sí níbí." Mo tún un kà. Ó ní kí n fún òun ní ìwé rẹ, ó sì wò ó pẹ́, òun tí kò mọ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin dé ìpẹ̀kun abúlé, ó dúró síbẹ̀ títí tí a kò fi rí àpótí tó wà lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn mọ́. Ó padà sílé.

Mo lọ tù ú nínú. Mo fẹ́ sọ fún un bí ìyá Tòbíà nínú ìwé mímọ́ ṣe máa ń jáde lójoojúmọ́ lọ wo ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà nìyí. Ó ní, "Fadá, ọmọ tiẹ̀ padà dé."

Mo mú fìlà mi, mo padà sílé. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń wàásù.

Ohun kan ṣá, mo rò pé ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Ẹrù tó dì, kò tíì tú u.

Celso


Róòmù
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹwàá

Màmá,

Mo kí yín. N kò mọ̀ bóyá ẹ ó jẹ́ kí Fadá kà á.

Ọmọ náà ti ń ta mí nípàá nínú. Prospero gbé etí lé ikùn mi, ó ní akirità ni, pé ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, inú mi sì ń dùn síbẹ̀, Màmá, n kò lè purọ́ fún yín. Inú mi ń dùn bí iná tó ń jó nínú yàrá tí kò sí èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò pọ̀. Bàbà kì í lágbára títí. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ilà inú rẹ̀ ń pa rẹ́, ilà tó bá tín-ín-rín jù ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló tín-ín-rín jù. Mo wo àwọn tí wọ́n tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àpá náà ti lọ. Áńgẹ́lì tó kù kò jọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Òun ló jọ ọ́ jù.

Orsola


Pradello
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá

Orsolina ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tó ń ta ọ́ nípàá. Lẹ́tà rẹ dé lánàá, ọjọ́ Mátíìnì mímọ́, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ẹ̀yìn máa dùn ọ́. Àlùbọ́sà kọ́ ni mo kórìíra nígbà tí mo lóyún rẹ, ẹyin ni. Ti Bortolo ni àlùbọ́sà. Ó lè jẹ́ ọkùnrin.

O ní o ti pa mí lẹ́ẹ̀kejì. O kò pa mí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún Fadá títí di òní, wọ́n sì ń kọ ọ́ báyìí, wọ́n ti gbé gègé sókè, wọ́n ń wò mí.

Mo mọ̀ pé kò sí lọ́dọ̀ yín. Láti ọjọ́ tí Zanetto ti ṣí àpótí ni mo ti mọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni áńgẹ́lì yẹn, Orsolina. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, iwájú orí rẹ̀ dán. Bortolo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú ọkọ rẹ, ọ̀nà ọdún mẹ́fà á ti hàn lójú rẹ̀. Ìyá kì í fi ojú àná wo ọmọ tó wà láàyè. Ìwọ lo yà á bí o ṣe rí i kẹ́yìn. Bí èmi náà ṣe ń rí i nìyẹn.

Mo mọ̀, mo sì di ẹrù. Mo ń wá ìdí tí màá fi jáde nílé yìí láì jẹ́ pé mo ti pa á tì. Tí mo bá sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ mi á gbé mi. O wá kọ lẹ́tà, o gba ìdí náà lọ́wọ́ mi. Mo bínú sí ọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni mo fi bínú sí ọ, mo sì ń wo ẹrù náà nílẹ̀.

O ní ìwọ wà níbi tí mo mọ̀, ta ló ń dúró dè ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé mi káàkiri ilé.

Lánàá, nígbà tí Fadá ka èyí tí o kọ nípa àpá tó pa rẹ́, mo dìde. Mo mú bébà mi, mo ní kí Zanetto, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ, yọ́ ìda sí i lójú kí yìnyín má baà jẹ ẹ́. A kàn án mọ́ ilẹ̀kùn níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà tó gé sára òpó. Ẹnì kan ní láti wà nílé. Ó wà níbẹ̀ báyìí.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù irun àgùntàn ń sọ̀kalẹ̀ lọ́la, ó máa gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè, láti ibẹ̀ màá wá bí mo ṣe lè wá. Ìwọ ni mò ń bọ̀ wá wò. Gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi, kí o sì sọ fún ọkọ rẹ pé mo ní ọ̀rọ̀ bá a sọ nípa etí yẹn. Kò ká tó bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ áńgẹ́lì, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni mímọ́ sí, kí Zanetto tó yọ́ ìda sí i, mo ti ní kí Fadá fi tádàwà kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó bá rìn dé láti ọ̀nà jíjìn lè rí i kà:

Bortolo, òrùlé kò jò mọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó máa ń wà. Mo wà lọ́dọ̀ Orsolina.

Ìyá rẹ